Láti Irin Ẹ̀yìn Ayùn dé Bíréèkì: Ìtàn Àwọn Ohun Ààbò Ara Ayùn Orí Tábìlì

Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ tọpa ìtàn àwọn ohun ààbò tí wọ́n ń fi sára ayùn orí tábìlì, ìyẹn ẹ̀rọ ìlapákó tí ayùn rẹ̀ rí rìbìtì, tó yọrí láàrin tábìlì, tí iná mànàmáná ń yí. Kò ṣòro láti rí ohun tó mú wa gbé e wá sí àpérò àwọn olùkọ́ni. Àwa là ń kọ́ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ igi. Bí wọ́n bá ṣe rí wa nídìí ẹ̀rọ ni àwọn náà yóò ṣe dúró nídìí rẹ̀.

Ní ilé ìkọ́ṣẹ́ igi kan tí a bẹ̀ wò, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni a ti bá ìbòrí ayùn, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá láti òkè òkun. Ayùn fúnra rẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, eyín rẹ̀ ti kú díẹ̀. Nígbà tí a béèrè ìdí tí ìbòrí kò fi sí lára rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ dá wa lóhùn pé, "Kì í jẹ́ ká ríran, ẹ̀yin ọ̀gá." Kò purọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò.

Ayùn rìbìtì àti ewu rẹ̀

Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan ní Amẹ́ríkà pé obìnrin kan nínú ìjọ Shaker, Tabitha Babbitt, ló dá ayùn rìbìtì sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1813. Wọ́n ní ó ń wo àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fa ayùn lọ, tí wọ́n ń fà á bọ̀, ó sì rí i pé ìdajì agbára wọn ló ń ṣòfò. Ìtàn náà dùn, ó sì dára láti sọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1777 ni Samuel Miller ará Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan tí ayùn rìbìtì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi bẹ̀rẹ̀, irú ayùn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Portsmouth, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ Marc Brunel ṣe àwọn igi oníkẹ̀kẹ́ tí okùn ìgbòkun ọkọ̀ ogun ń gbà kọjá.

Ọ̀nà méjì ni ewu rẹ̀ pín sí, kò sì yẹ kí á pò wọ́n pọ̀. Èkínní ni kí ọwọ́ kan eyín ayùn. Bí ayùn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 10 bá ń yí ní ìgbà 4,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, eyín rẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 190 ní wákàtí kan. Mọ́tò tó bá sáré bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, a ó pe awakọ̀ rẹ̀ ní wèrè. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè yára tó tí yóò fi fa ọwọ́ yọ lẹ́yìn tó bá ti kàn án.

Èkejì ni kí pákó ta padà, èyí kì í sì í wá sọ́kàn ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Eyín tó wà níwájú ayùn ń tẹ pákó mọ́ tábìlì, ṣùgbọ́n òkè ni èyí tó wà lẹ́yìn ń bọ̀. Agbára sì máa ń wà nínú igi, pàápàá èyí tí kò gbẹ dáadáa. Bí a bá ti là á dé àyè kan, ojú ibi tí a là lè fẹ́ padé, kó sì há ayùn mọ́ àárín. Eyín ẹ̀yìn á wá gbé pákó náà sókè, á sọ ọ́ lu oníṣẹ́ níkùn tàbí láyà. Nígbà mìíràn, ọwọ́ tó di pákó náà mú á bá a lọ, orí ayùn ni yóò sì bá ara rẹ̀. Nítorí náà, ewu kejì a máa bí èkínní.

Ohun tí òfin 1922 ṣe

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlànà Ẹ̀rọ Iṣẹ́ Igi ti ọdún 1922 kojú ewu méjèèjì pọ̀. Ó pàṣẹ fún àwọn fákítìrì pé kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dá apá ayùn tó wà lábẹ́ tábìlì mọ́ lọ́tùn-ún lósì, kí ìbòrí tó ṣeé gbé sókè sódò sì wà lórí rẹ̀. Ó tún ní kí irin kan tó le, tí ara rẹ̀ ń dán, dúró lẹ́yìn ayùn gan-an, ní ojú ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Irin ẹ̀yìn ayùn yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa fojú sí. Ó nípọn díẹ̀ ju ara ayùn lọ, ṣùgbọ́n kò nípọn tó àlàfo tí eyín ayùn ń là. Bí pákó ti ń kọjá lára ayùn ni irin náà ń wọ inú àlàfo ọ̀hún, kò sì ní jẹ́ kí ó padé, bí ìgbà tí a fi nǹkan há ẹnu ilẹ̀kùn. Kò lo iná, kò lo sípíríǹgì. Orí rẹ̀ kì í ga kọjá orí ayùn, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára pákó láìlà á já kò ní ìdí kankan láti yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní Amẹ́ríkà. Lára ọ̀pọ̀ ayùn ibẹ̀, irin ìpàlàfo àti ìbòrí so pọ̀ mọ́ra, àwọn eyín irin tí kì í jẹ́ kí pákó padà sẹ́yìn sì tún so mọ́ wọn. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ gbẹ́ ojú ihò, àfi kí ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú u ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú èrò pé òun yóò dá a padà lálẹ́. Ọdún kọjá, ó ṣì wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Lẹ́yìn Òfin Ààbò Iṣẹ́ ti 1970, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa lò ó níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ kò yí bí ẹ̀rọ ṣe rí padà. Ó di lẹ́yìn ọdún 2000 kí irin ẹ̀yìn ayùn tó dá dúró, tó sì ń bá ayùn lọ sókè sódò, tó di ọ̀ranyàn lára ayùn tuntun níbẹ̀. Èyí fi hàn wá pé ohun ààbò tó bá dí iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í pẹ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tàbí agídí kọ́.

Ṣé fákítìrì ni ilé-ẹ̀kọ́?

Àwa olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fo ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1941. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fara pa ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí London County Council ń darí, ó sì fẹ́ kí òfin fákítìrì gbèjà òun. Ilé-ẹjọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe fákítìrì, torí pé wọn kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí òwò tàbí èrè. Ẹni tó ti mọ ayùn lò, tó sì ń gba owó oṣù, ní òfin tó ń dáàbò bò ó. Ọmọ tó ń dì í mú fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní in. Ó di ọdún 1974, nígbà tí Òfin Ìlera àti Ààbò Níbi Iṣẹ́ jáde, kí ojúṣe náà tó kan gbogbo ibi iṣẹ́, títí kan ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Òfin Fákítìrì tiwa ní Nàìjíríà, ti ọdún 1987, pàṣẹ pé kí á dáàbò bo apá ẹ̀rọ tó léwu. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ó fún fákítìrì kò jìnnà sí ti Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀ òwò àti èrè ló wà nínú rẹ̀. Ilé ìkọ́ṣẹ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ fún ìwé-ẹ̀rí NCE kì í ṣòwò. Bí a bá ń dúró de kí ọ̀gá àyẹ̀wò fákítìrì wá kan ilẹ̀kùn wa kí á tó gbé ìbòrí jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ó pẹ́ níbi ìdúró.

Ayùn tó ń mọ ẹran ara

Ní ọdún 1999, Steve Gass, agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Oregon tó tún jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ayùn ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin igi àti ara ènìyàn. Ó fi iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ sára ayùn, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré ṣọ́ iná ọ̀hún. Bí ìka bá kan eyín, ara ènìyàn á fa lára iná náà, ẹ̀rọ á sì mọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó di sípíríǹgì mú á jó já, sípíríǹgì á ti ègé alumíníọ̀mù wọ inú eyín ayùn, ayùn á dúró, á sì rì sábẹ́ tábìlì. Kì í tó ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan tí ayùn fi ń dúró. Ní Atlanta ní ọdún 2000, sọ́séèjì ló fi han àwọn oníṣòwò. Ó tún fi ìka ara rẹ̀ dán an wò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò gbà á. Gass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń ṣe ayùn tiwọn, SawStop, tó jáde sọ́jà ní 2004. Wọ́n ti kọ̀wé sí àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà ní 2003 pé kí ó sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di dandan. Àjọ náà ṣírò pé ó ju 30,000 ènìyàn lọ́dún tí ayùn orí tábìlì ń gbé dé ilé-ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, àríyànjiyàn náà gùn, torí owó àti ìwé ẹ̀tọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2017, nítorí ẹ̀tọ́ SawStop, wọ́n dá ayùn tí Bosch ṣe ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dúró ní ẹnu ibodè. Ní 2024, SawStop ṣèlérí láti yọ̀ǹda ìwé ẹ̀tọ́ pàtàkì kan fún gbogbo ayé bí òfin náà bá jáde.

Nídìí iṣẹ́, bíréèkì yìí ní tirẹ̀ náà. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó ra òmíràn, ayùn tó há mọ́ ọn sì ti bàjẹ́. Igi tútù tàbí alumíníọ̀mù lè tàn án jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà láti pa á fún ìgbà díẹ̀, a sì mọ ibi tí irú "fún ìgbà díẹ̀" bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Ní pàtàkì, kò mọ̀ bí pákó bá ta padà. Ẹni tó ra ayùn olówó ńlá yìí, tó sì yọ irin ẹ̀yìn rẹ̀, ṣì lè gba pákó sínú.

Ìbòrí àti irin ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìbòrí kì í jẹ́ kí òun ríran. Ìbòrí aláwọ̀ díńgí ti wà, àmọ́ ìyẹ̀fun igi a máa bò ó bí wọn kò bá nù ún. Ó yẹ kí nínù rẹ̀ wà lára iṣẹ́ tí à ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì fún. Bí iṣẹ́ kan bá sì mú kí á yọ ìbòrí, irin ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn kápẹ́ńtà tí àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló ń lo ayùn tí wọ́n fúnra wọn tò: tábìlì onípákó, mọ́tò lábẹ́ rẹ̀, ayùn níhòòhò láàrin. Bíréèkì SawStop kò lè dé ibẹ̀ láìpẹ́. Irin ẹ̀yìn lè dé ibẹ̀ lọ́la. Níwọ̀n ìgbà tí ayùn irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kì í sábà lọ sókè sódò, kíkàn án mọ́lẹ̀ tún rọrùn ju ti òyìnbó lọ. Wẹ́dà lè gé irin náà, kí ó rẹ́ etí rẹ̀ dán, kí ó sì dè é ní bóòtù lẹ́yìn ayùn, kí ó tẹ̀ lé rìbìtì ayùn tímọ́tímọ́, kí orí rẹ̀ má ga ju ti ayùn lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìnípọn ara ayùn àti ìbú àlàfo tó ń là, kí ti irin sì bọ́ sí àárín méjèèjì. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ayùn, kí wọ́n tún un wọ̀n.