Òṣùwọ̀n Ariwo Bàálù, láti Heathrow dé Ìkẹjà

Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìffẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjùmú, nítorí náà àgbẹ̀ ibẹ̀ lè béèrè ohun tí ariwo bàálù fi kàn án. Yóò kàn án lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ó sì gba yàrá ní Máfọlúkù, lẹ́bàá pápákọ̀ Ìkẹjà. Kí ni ìjọba fi ń wọn ariwo tí ọmọ náà ń gbọ́?

Láti 1958 tí bàálù jẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ni ariwo wọn ti di ẹjọ́ ńlá. Ní 1960 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, Sir Alan Wilson ni alága rẹ̀. Ní 1961 a lọ bá ènìyàn 1,731 tí ilé wọn kò ju máìlì 10 sí Heathrow, a bi wọ́n bí ariwo náà ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tó, a sì fi ẹ̀rọ wọn ariwo ní agbègbè kan náà. Ìwé ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1963. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe bí ariwo ti ròkè tó nìkan ni ń da ènìyàn láàmú, bí kò ṣe iye ìgbà tí ó ń kọjá pẹ̀lú. Wọ́n so méjèèjì pọ̀ di òǹkà kan: bí iye bàálù bá di ìlọ́po méjì, òǹkà náà yóò fi 4.5 lọ sókè, bí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tilẹ̀ yí padà. Lójú tèmi, ọgbọ́n gidi nìyí, nítorí ẹnu onílé ni a ti gbọ́ ọ.

Nàìjíríà wọ àjọ ICAO, tí ń ṣètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ní 1960. Ní 1971 àjọ náà gbé òfin ariwo tirẹ̀ kalẹ̀. Ojúkò mẹ́ta ni a ti ń wọn ariwo bàálù: ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó ń sá lé, ibi tí ó jìnnà ní mítà 6,500 sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ eré láti gbéra, àti ibi tí ó ku mítà 2,000 kí ó dé ẹnu ọ̀nà ìbalẹ̀. Bàálù ni òfin yìí ń wọ̀n, kì í ṣe àdúgbò.

Ní 2002, lẹ́yìn ìjàm̀bá ti Kánò, ìjọba wa fòfin de BAC One-Eleven, ọ̀kan nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì tí ohùn wọn le jù. Ààbò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Etí kàn jẹ nínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàálù tí ó bá yege ní ojúkò mẹ́ta yẹn lè kọjá lórí Máfọlúkù lẹ́ẹ̀kan lóru, ó sì lè kọjá nígbà 40. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò yàtọ̀.