Kí Wọ́n Tó Fọ́máàtì: Ìtàn Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà Ilé ní Alímọ̀ṣọ́

Kí kọ̀ǹpútà tó wọ yàrá wa ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ẹni tó bá fẹ́ tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìkòtún á lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, níbi tí táípúráítà àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti jọ wà lórí tábìlì. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé á bi í pé, "Ṣé ẹ mú dísíkẹ́ẹ̀tì wá?" torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí. Dísíkẹ́ẹ̀tì kan kò gbà ju 1.44 MB lọ. Fọ́tò ẹyọ kan láti inú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní kò lè wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú àti òfin ẹgbẹ́ onílé, ibẹ̀ ni gbogbo wọn gbà kọjá.

Ọjà tòkunbọ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sílé. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òpópónà Òtígbà ní Ìkẹjà, àti àwọn òpópónà tó yí i ká, di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Computer Village. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kí n tó ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, kí n sì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà Ìdímù ní Ẹgbẹ́dá. Mo mọ irú àwọn tó ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: olùkọ́, pásítọ̀, onífọ́tò, òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ. Wọ́n á ra Pentium II tàbí Pentium III pẹ̀lú mọ́nítọ̀ onídìí ńlá, wọ́n á gbé e lé itan nínú dánfó títí dé Ìyànà Ìpájà, wọ́n á tún wọ ọkọ̀ míì síwájú. Háàdì inú rẹ̀ kì í sábà ju 10 GB tàbí 20 GB. Windows XP, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, á ti gba 1.5 GB nínú rẹ̀ kí onílé tó fi ohunkóhun síbẹ̀.

Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà wá wo ọjà yìí ní Èkó, wọ́n sì kọ ìròyìn tí wọ́n pè ní The Digital Dump. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹtéénà ẹrù àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó tó 800 kọ̀ǹpútà tàbí mọ́nítọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọjà náà sọ fún wọn pé nínú 100, ó lè tó 75 tí kò ṣeé tún ṣe. Àjọ náà ra háàdì díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì bá fáìlì àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ nílùú òkèèrè nínú wọn. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún àwa oníṣẹ́. Èkíní, háàdì tí à ń tà fún ará Ìkòtún ti rẹ̀ kó tó gun ọkọ̀ ojú omi. Èkejì, ohun tí èèyàn rò pé òun ti pa rẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Ó pẹ́ kí iṣẹ́ wa tó fi ẹ̀kọ́ kejì yìí sílò.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbé wá fún wa ni fáírọ́ọ̀sì. Ó ti wà tipẹ́ kó tó mọ ọ̀nà àdúgbò wa. Èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà irú ti IBM ni Brain. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ló kọ ọ́ ní Lahore, ní Pakistan, lọ́dún 1986, dísíkẹ́ẹ̀tì sì ló ń gbé e kiri. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ILOVEYOU jáde láti Philippines, ó gba inú íméèlì káàkiri ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní íméèlì nínú ilé ní Ìgándò lọ́dún náà? Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àìní íntánẹ́ẹ̀tì ló dáàbò bo ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ILOVEYOU.

Àìní íntánẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló wá sọ wá di ẹran ìjẹ fún fáírọ́ọ̀sì orí fláàṣì. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU tó gba yàrá ní Ìgándò. Á tẹ iṣẹ́ rẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà, á gbé fláàṣì lọ sí kàfé láti fi ohun tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kún un, á gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti tẹ̀ ẹ́ jáde, á sì gbé e padà sílé. Ní gbogbo ibi tó dé, fláàṣì ẹlòmíì ti ṣíwájú tirẹ̀. Windows XP ní àṣà kan tó burú fún irú ìgbé ayé báyìí: bí èèyàn bá tẹ àmì fláàṣì lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i, XP á kọ́kọ́ wá fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ autorun.inf, á sì ṣe ohunkóhun tí fáìlì náà bá pa láṣẹ. Ẹni tó kọ fáírọ́ọ̀sì á kàn kọ orúkọ fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ síbẹ̀. Bí Sality, tó ti wà láti ọdún 2003, ṣe ń wọlé nìyẹn. Bí Conficker, tó yọjú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ṣe rí ọ̀nà dé orí kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá nìyẹn.

Oògùn wà, ṣùgbọ́n oògùn náà ń fẹ́ oúnjẹ lójoojúmọ́. Avast, AVG, Kaspersky, gbogbo wọn ló nílò àfikún tuntun kí wọ́n lè dá fáírọ́ọ̀sì tuntun mọ̀. Nílé tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi sí i lọ́dún tó kọjá kò mọ èyí tó wọlé lóṣù yìí. Àwa oníṣẹ́ máa ń sanwó wákàtí ní kàfé láti gba àfikún náà sórí fláàṣì, a ó sì máa gbé e kiri ilé àwọn oníbàárà. A kọ́ wọn láti di bọ́tìnnì Shift mú bí wọ́n bá ń ki fláàṣì bọ ọ́, kí wọ́n má sì tẹ àmì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti fi fódà wọn pamọ́, tó gbé àmì ayédèrú síbẹ̀, a ó lo àṣẹ attrib láti tú wọn síta. Inú oníbàárà máa ń dùn gan-an nígbà tí iṣẹ́ tó rò pé ó ti lọ bá tún hàn lójú ẹ̀rọ.

Ìṣòro kejì, háàdì tó kún, dé ní jẹ́jẹ́. Fíìmù Nollywood, fídíò ìgbéyàwó, wàásù, orin fújì: wọ́n ń kó wọn láti orí síídì sínú kọ̀ǹpútà, síídì kan sì tó 700 MB. Orí Desktop ni onílé ń kó gbogbo rẹ̀ sí, torí pé ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó. Kò mọ̀ pé inú C, apá háàdì tí Windows fúnra rẹ̀ ń gbé, ni Desktop wà, nígbà tí apá kejì, D, ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. XP tún ní ohun tí òun náà ń kó jọ. System Restore lè gba tó ìpín 12 nínú ìpín 100 háàdì láti fi àwòkọ àtijọ́ pamọ́, fáírọ́ọ̀sì sì máa ń sá pamọ́ sínú àwòkọ wọ̀nyẹn. Fódà Temp ń kún láìsí ẹni tó ń gbá a. Bí C bá ti fún, Windows kò ní ríbi tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí mọ́. Á máa háńgì, ìwé kò ní ṣeé fi pamọ́, àfikún oògùn fáírọ́ọ̀sì pàápàá kò ní ríbi wọlé.

Ibi tí àìsàn méjèèjì ti jọra ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà tó kún ń falẹ̀. Èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì ń falẹ̀. Èyí tí háàdì rẹ̀ ń kú lọ nítorí iná tó ń já lójijì, òun náà ń falẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí Task Manager bá kọ̀ láti ṣí, tí fódà yín sì di .exe, fáírọ́ọ̀sì ni. Bí C bá kù díẹ̀ kó kún ṣùgbọ́n tí gbogbo nǹkan míì pé, ẹ kó fíìmù lọ sí D, ẹ lo Disk Cleanup, ó tán. Bí háàdì bá ń dún kọ́kọ́kọ́, tí chkdsk, ètò tó ń yẹ háàdì wò, sì ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ má ṣe ohunkóhun míì ju pé kí ẹ kó ẹrù yín jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní sùúrù. Èèyàn pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, gẹ̀ńẹ́rétọ̀ ń jẹ epo, ìdáhùn kan náà la sì ń fún gbogbo wọn: ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀. Ìyẹn ni pé ká pa gbogbo ohun inú háàdì rẹ́, ká fi Windows tuntun sí i.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Màmá kan wá láti Ìkòtún, ọmọ rẹ̀ bá a gbé CPU lẹ́yìn.

"Ẹ́njíníà, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ti bá mi fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ń yára báyìí. Àmọ́ mi ò rí fọ́tò bàbá àwọn ọmọ mi mọ́."

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọ́n bi yín kí wọ́n tó fọ́máàtì ẹ̀?"

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tó kù nípa ọkùnrin náà, àti ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, orí Desktop ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá fọ́máàtì háàdì lọ́nà kíákíá, atọ́ka tó ń sọ ibi tí fáìlì wà ni wọ́n nù. Fáìlì fúnra rẹ̀ ṣì wà títí ohun míì á fi gorí rẹ̀. Windows tuntun tí wọ́n fi sí i ti gorí púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi PhotoRec, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń dá fọ́tò mọ̀ nípa bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láìwo orúkọ rẹ̀, wá inú háàdì náà láti òkè dé ilẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò náà jáde, láìní orúkọ, láìní ọjọ́. Ohùn bàbá náà kò jáde. Ìdààmú tó bá mi lọ́jọ́ náà ni pé àdánù yìí kò pọn dandan rárá.

Ohun èlò láti yẹra fún un ti wà lọ́wọ́ wa. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀, irú Linux kan tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2004. Títí di ọdún 2011 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fi síídì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ní ibikíbi láyé. Bí èèyàn bá ki síídì náà bọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á jí láìjí Windows, fáírọ́ọ̀sì Windows á sì wà lójú oorun. Oníṣẹ́ á wọlé, á kó fọ́tò, lẹ́tà àti ìwé ìṣirò lọ sórí háàdì míì, á yẹ̀ wọ́n wò, kó tó wá pa gbogbo ohun tó kù rẹ́. Lára àwọn tó ń ṣe báyìí ní Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò ni orúkọ rere iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Nígbà náà ni ìjà tún yí padà. Ní oṣù kejì ọdún 2011, Microsoft tì ìlẹ̀kùn AutoRun fláàṣì lórí XP àti Vista. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n dáwọ́ àtúnṣe XP dúró. Dátà orí fóònù ti wọ́pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, àwọn ajínigbé fáìlì sì bá a wọlé. WannaCry, ti ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè 300 dọ́là ní Bitcoin. Láti ọdún 2018 ni ìdílé fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ STOP ti ń pamọ́ sínú sọ́fítíwíà kíráàkì, irú èyí tó kún ọwọ́ wa. Ohun tí èyí bá tì pa, oníṣẹ́ kì í sábà rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní àwòkọ níta nìkan ló bọ́.

Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nílé báyìí ti tún ń darúgbó. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dópin fún gbogbogbò, Windows 11 sì ń béèrè háàdì 64 GB àti ẹ̀yà kan, TPM 2.0, tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa kò ní. Wọn kì í ṣe ohun tí a ó kó dà sí ààtàn. Ẹ fi SSD rọ́pò háàdì àtijọ́, ẹ fi Linux sí i bí Windows bá ti wúwo jù fún un, á ṣì ṣiṣẹ́ fún ọmọ ilé ìwé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ fáìlì ju ẹ̀rọ lọ rèé. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka àwa ará Alímọ̀ṣọ́ sí 1,277,714. Ìjọba Èkó ní a jẹ́ 2,047,026. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa ló wá láti ibòmíì, tó ra ilẹ̀ nígbà tí koríko ṣì wà níbẹ̀. Ta ló dá owó tíránsífọ́mà? Ta ló yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ojú ọ̀nà? Ọmọ ta ni wọ́n kọ́kọ́ sàmì fún ní ìjọ àdúgbò? Inú háàdì akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, pásítọ̀ àti onífọ́tò ni ìdáhùn wà. Gbogbo ìgbà tí oníṣẹ́ kan bá fọ́máàtì láìbéèrè, díẹ̀ nínú ìtàn àdúgbò wa ló pa rẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Ìkòtún dé Àkọwọ́njọ ni pé ká sọ ọ́ di òfin iṣẹ́. Kí a bi oníbàárà ní ohun tí kò fẹ́ kó sọnù, kí a kó o jáde, kí a ṣí i fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i, kí ọwọ́ wa tó kan ohunkóhun. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ fọ́máàtì nìkan, kí ọ̀gá rẹ̀ má ṣe fíríídọ̀ọ̀mù fún un títí tó fi máa mọ bí a ṣe ń gba fáìlì là. Kí oníbàárà náà sì ní àwòkọ méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíì. Ẹ̀rọ míì wà ní Òtígbà. Ohun tí màmá yẹn wá béèrè lọ́wọ́ mi kò sí níbẹ̀ fún títà.