Orúkọ Wo Ló Yẹ CV Lédè Yorùbá?

Àwọn kàfé tó ń bá awáṣẹ́ tẹ CV pọ̀ ní Àkọkà àti ní àyíká ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàtẹ́ẹ̀kì. Ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ àbínibí, ẹ̀sìn, bóyá ẹni náà ti ṣègbéyàwó tàbí kò tíì ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ. Iṣẹ́ tí onítọ̀hún ti ṣe á wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìlà kan tàbí méjì. Èrò mi ni pé orúkọ tí a fún ìwé náà wà lára ohun tó ń ṣi awáṣẹ́ lọ́nà. Ìtàn ìgbésí-ayé ní ṣókí ni ọ̀pọ̀ wa ń pe CV. Bí a bá sì ní kí èèyàn kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀, ibi tí wọ́n gbé bí i ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Èdè Látìn ni *curriculum vitae*, ipa ọ̀nà tí ayé ẹni gbà ló sì túmọ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ìtàn ìgbésí-ayé kò ṣi Látìn túmọ̀. Ohun tí kò wò ni iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe. Agbanisíṣẹ́ kò wá ìtàn ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ mọ ohun tí o lè ṣe fún òun, ó sì fẹ́ rí ohun tí o ti ṣe rí tó fi hàn pé o lè ṣe é.

Àwọn àgbà tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a túmọ̀ orúkọ nǹkan àti kí a sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ bíi asọ̀rọ̀mágbèsì kò túmọ̀ orúkọ tí òyìnbó fún rédíò, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ló sọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1970, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó sì tẹ̀ lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé méjèèjì wà fún. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníwèé ìròyìn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, wọ́n sì gbìyànjú: agbanisíṣẹ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àgùnbánirọ̀ ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. CV nìkan ni orúkọ rẹ̀ kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ìwé àṣesílẹ̀ ni mo dábàá. Àwọn àgbà ní àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá, kò sì sí ibi tí òwe náà ti ṣẹ tó ibi ìwáṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ àṣesílẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ti fi ọwọ́ òun ṣe ni wọ́n ń béèrè. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá purọ́ sínú rẹ̀, yóò bá irọ́ náà níwájú. Ìwé gígùn tí olùkọ́ Yunifásítì Èkó fi ń to ìwádìí àti ìwé tó ti kọ jọ ni ìwé àṣesílẹ̀ ní kíkún. Èyí tí kò ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní *résumé*, ni àṣesílẹ̀ ní ṣókí.

Bí a bá ti gba orúkọ yìí, àwọn apá tó kù yóò máa tò tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìmọ̀ọ́ṣe, ìyẹn apá tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *skills*. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ọ̀rọ̀ asán, nítorí ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ CV ló ń sọ pé ẹni náà mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀, kò sì sọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rí. Ọmọbìnrin tó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta aṣọ ní ọjà Tẹ́júoṣó lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: mo ń dá oníbàárà lóhùn, mo ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, mo ń ṣírò owó lálẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ lè bi í léèrè.

Ìkọ́ṣẹ́ ṣe pàtàkì jù lójú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ Yábàtẹ́ẹ̀kì tó lọ ṣe áítì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, fún oṣù mélòó kan lábẹ́ ètò SIWES, tí àjọ ITF tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ dá sílẹ̀ ní 1973, kì í gbàgbé láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Mùṣín tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́ta ní Ládípọ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti ṣe fíríídọ̀mù fún un, lè fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, torí ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń kọ síwájú ilé-iṣẹ́. Ìkọ́ṣẹ́ ni Yorùbá ń pe méjèèjì, òótọ́ sì ni. Kí ó kọ ọ́ gbangba: ọdún tó lò, irú ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, bó ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, iye ọmọ iṣẹ́ tí òun náà ti kọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń wá ẹni tí yóò bójú tó ọkọ̀ rẹ̀ yóò kà á tayọ̀tayọ̀.

A tún gbọ́dọ̀ ya ajẹ́rìí sọ́tọ̀ kúrò lára onídùúró. Ajẹ́rìí ni ẹni tó mọ̀ ọ́, tó lè sọ bí o ti ń ṣiṣẹ́. Onídùúró ní tirẹ̀ fọwọ́ sí i pé bí owó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ, òun yóò dáhùn fún un. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Èkó ń béèrè méjèèjì. Nígbà tí a bá pe ajẹ́rìí ní onídùúró, àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ wa ní rere á bẹ̀rẹ̀ sí í sá, torí gbèsè ni wọ́n rò pé à ń gbé kọ́ wọn lọ́rùn.

Ní ti ìpínlẹ̀ àbínibí, ó ní ìdí tó fi wọ inú CV wa. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1979 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa fi iṣẹ́ ọba kárí gbogbo ẹ̀yà, fọ́ọ̀mù ìjọba sì ń béèrè rẹ̀. Kí á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó gbilẹ̀ ní Yábà láti ìgbà tí Co-Creation Hub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti ṣí ní Herbert Macaulay Way ní 2011 kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tí o ti ṣe tí wọ́n lè ṣí wò ni wọ́n ń wá.

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ yóò ṣì máa béèrè, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi Yorùbá ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kí awáṣẹ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ lédè abínibí rẹ̀. Gbólóhùn tí kò bá ní ohun kan pàtó láti sọ ní Yorùbá, bí èyí tí gbogbo CV fi ń ṣèlérí láti kó ipa tirẹ̀ nínú ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́, kò ní í ní ohun kan láti sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó yọ ọ́ kúrò.

Òfin tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2018 sọ Yorùbá di ẹ̀kọ́ dandan ní ilé ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Sùúrùlérè, Yábà àti Mùṣín, ẹ fi ìwé àṣesílẹ̀ kún àròkọ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó gba ìwé mẹ́wàá wọn. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ dán ọ̀rọ̀ náà wò lórí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tó dára jù ú lọ, ẹ mú un wá, kí a jọ lò ó.