Òwò Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá ní Jos

Òwò bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní Jos, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau, ní apá méjì: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ìjọba ń náwó lé lórí, àti àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun ń rà. Apá kejì ni owó ńlá wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń padà sọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù.

Àwọn ẹgbẹ́

Mighty Jets ti Jos ló gba líìgì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní 1972. Ní 1990, líìgì náà di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Plateau United, tó ti jẹ́ JIB Strikers rí, gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní 2017, nígbà tí Kennedy Boboye jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ náà, nítorí náà àpò ìjọba ni owó oṣù ń wò.

Títa agbábọ́ọ̀lù

Jos ni wọ́n bí John Obi Mikel sí ní 1987. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Plateau United kó tó lọ sí Lyn ní Norway. Manchester United kéde ní 2005 pé àwọn ti rà á, Chelsea ní àwọn ló ni ín. Nígbà tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 2006, Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún Manchester United, tí kò lò ó rí nínú ìdíje kankan, àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Ọmọ Jos ni Ahmed Musa náà. Ó kúrò ní Nàìjíríà lọ sí VVV-Venlo ní Netherlands ní 2010, ó dé CSKA Moscow ní 2012, Leicester City sì rà á ní 2016.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ́ ọmọ

Láti 2001 ni òfin FIFA ti ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan fi ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láàárín ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tí kò bá forúkọ ọmọ sílẹ̀ kò ní ẹ̀rí tí yóò fi gba ìpín tirẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó péye ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ kéékèèké ní Jos bí pápá àti bàtà ti ṣe pàtàkì; òun ni owó tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn pa yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn.