Ààlà Abẹ́ Òkun: Bí Ìmọ̀ nípa Ojú Ilẹ̀ Ayé Ṣe Yí Padà, 1912 sí 1963

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìdí tí àbá kan tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ fi wá di ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé.

Ní ọdún 1912, Alfred Wegener, ará Jámánì, sọ pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so pọ̀ rí. Ó tọ́ka sí bí etí òkun méjèèjì ṣe bára mu, àti sí egungun ẹranko ayé àtijọ́ tí ó wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn alátakò bèèrè irú agbára tí ó lè ti odidi ilẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn títí ó fi kú sí Greenland ní 1930.

Ní èrò tiwa, abẹ́ òkun ni ìdáhùn náà wà. Ní 1952, Marie Tharp ń fi òǹkà ìjìnlẹ̀ òkun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó bọ̀ yàwòrán ní Lamont, ní New York. Wọn kì í gba obìnrin láyè nínú ọkọ̀ ìwádìí nígbà náà. Ó rí i pé àfonífojì kan la àárín òkè gbọọrọ abẹ́ Àtìláńtíìkì já. Bruce Heezen, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pè é ní ọ̀rọ̀ obìnrin lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi àwòrán ibi tí ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ òkun wé tirẹ̀, méjèèjì ṣe déédéé.

Ní 1962, Harry Hess ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni àpáta yíyọ́ ti ń rú jáde, tí ó ń di ìsàlẹ̀ òkun tuntun. Ní 1963, Vine àti Matthews fi àmì òòfà inú àpáta ti àlàyé náà lẹ́yìn.

A wá mọ̀ pé abala abala ni èèpo ayé, bí igbá tí ó sán, àti pé ojú ààlà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Níbi tí abala méjì ti ń pínyà, Iceland yọ jáde. Wọ́n ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 jìnnà síra lọ́dún. Níbi tí Íńdíà ti kọlu Éṣíà, òkè Himalaya dìde. Níbi tí ìsàlẹ̀ òkun ti ń rì sábẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, òkè Andes ga sókè. Níbi tí méjì ti ń ha ara wọn kọjá ní California, ilẹ̀ ń mì.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa. Àìmọ okùnfà ohun kan kò sọ ohun náà di irọ́. Èkejì, kì í ṣe ipò ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá ni a fi ń díwọ̀n ẹ̀rí: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.