Láti Ìdí Iṣẹ́ Káfíńtà dé PhD

Lọ́dún 1982, nígbà tí Ìlá Ọ̀ràngún ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlànà 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀: kí ọmọ girama náà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ dé, olùkọ́ ò tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ò kúrò nínú páálí.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn olùkọ́ náà, àkàbà rẹ̀ ga: NCE ọdún mẹ́ta, irú èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlá ń fúnni, dìgírì, másítàsì, kó tó wá kan PhD. Ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ, àpilẹ̀kọ, kó sì gbèjà rẹ̀ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti yunifásítì mìíràn.

Bàbá mi àgbà, káfíńtà ni wọ́n. Ẹnu géètì NCE ni wọn ì bá ti dá wọn padà. Wọn ò ní WAEC. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè fún PhD yìí, mi ò tíì rí "kan ilẹ̀kùn kan wá ká wò ó."