Ta Ni Bàbá Àkàndé? Akọni Inú Géèmù àti Ẹjọ́ Orírun ní Ọjà Ọba

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ìtàn náà ni. Ẹ ṣáà fara balẹ̀, méjèèjì máa pàdé.

Gíláàsì fóònù mi ló fọ́. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Ọba, ní Òṣogbo, kò jìnnà sí iwájú ààfin Àtáọ́ja. Ó ní kí n fún òun ní wákàtí kan. Ẹ̀yin náà mọ wákàtí kan àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Mo bá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sanwó gbá géèmù.

Overwatch ni wọ́n ń gbá. Ọ̀kan nínú wọn mú Doomfist, ọkùnrin gìrìwò tó ní ọwọ́ irin ńlá kan. Bó ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbé àwọn èèyàn lulẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Èkejì ní irọ́ ni, Numbani ló ti wá. Ẹ̀kẹta, tí kò tiẹ̀ di páàdì kankan mú, ní àwọn òyìnbó kàn wá orúkọ Yorùbá kan lẹ̀ mọ́ ọn ni, kò ti ibì kankan wá. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń tú fáànù kan tó bàjẹ́. Kò gbójú sókè. Ó ní: "Ta ni bàbá ẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ géèmù náà: ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fídíò rẹ̀ jáde, làwọn èèyàn ti rí ìbọ̀wọ́ irin náà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín ò sí. Ẹ mọ bí àwọn olólùfẹ́ géèmù ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá rí àlàfo. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi ń dí i. Wọ́n wo ògiri Numbani, ìlú tí àwọn tó ṣe géèmù náà fọkàn dá sí ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, wọ́n ń wá àmì. Nígbà tí ọdún 2017 wọlé, wọ́n ní òun ló kàn. Orisa ló jáde ní oṣù kẹta. Wọ́n ní Terry Crews, òṣèré Amẹ́ríkà yẹn, ni yóò fọhùn fún un, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì ń pariwo pé òun fẹ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Doomfist dé ní oṣù keje, ohùn Sahr Ngaujah la gbọ́, ẹni tó ṣe Fẹlá nínú eré orí ìtàgé tí wọ́n ṣe nípa Fẹlá ní Broadway. Àbá wọn já sófo.

Ìtàn tí wọ́n wá sọ nípa akọni náà nìyí. Orúkọ rẹ̀ ni Àkàndé Ògúndìmú, Ọ̀yọ́ ni ibùjókòó rẹ̀. Ìdílé olówó ló ti wá, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara àtọwọ́dá. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ìjà: ó mọ dambe àwọn Hausa, ó sì mọ gídígbò tiwa. (Inú mi dùn sí gídígbò yẹn. Ẹnì kan jókòó, ó wádìí.) Ogun àwọn ẹ̀rọ jẹ́ kó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi irin rọ́pò rẹ̀. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ Doomfist ṣáájú rẹ̀, Akínjídé Adéyẹmí, ẹni náà kọ́ ọ níṣẹ́ ogun. Nígbà tó yá, ó pa ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba ìbọ̀wọ́ náà. Ẹnì kan tún wà ṣáájú àwọn méjèèjì, Adhabu Ngumi.

Ẹ dúró lórí àwọn orúkọ yìí. Adhabu Ngumi kì í ṣe orúkọ ìhín rárá. Èdè Swahili ni: ìyà ni adhabu, ìkúùkù ni ngumi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ọmọ Ìbàdàn ní orúkọ àwọn ará Mombasa. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù ń sọ̀rọ̀. Adéyẹmí jẹ́ orúkọ adé, ní Ọ̀yọ́ sì rèé, Aláàfin mẹ́ta ló ti jẹ́ ẹ. Ẹnì kẹta, Ọba Làmídì Adéyẹmí, wàjà ní ọdún 2022. Ògúndìmú ńkọ́? Ilé ọdẹ, ilé alágbẹ̀dẹ, ilé jagunjagun ló ń fi Ògún sọ ọmọ. Ògún, tó ni irin, ló dì í mú. Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà.

Àbá tèmi rèé o: ìjà tó wà láàárín Adéyẹmí àti Ògúndìmú kì í ṣe ìjà ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lásán. Ìjà ilé adé àti ilé ológun ni, èyí tí Ọ̀yọ́ ti jà láyé àtijọ́. Basọ̀run Gáà lágbára ju Aláàfin lọ títí Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀. Àfọ̀njá, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀yìn sí Ọ̀yọ́ láti Ìlọrin.

Ó dùn, àbí? Orúkọ mẹ́ta péré ni mo rí, mo sì ti fi kọ́ ilé ìtàn. Blizzard ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí gan-an nìyẹn: àwa Yorùbá ti ń ṣe irú èyí fún àwọn akọni tiwa tipẹ́tipẹ́, tiwa sì máa ń la ipò àti ohun ìní lọ.

Ẹ mú Odùduwà. Ní nǹkan bí ọdún 1812, Muhammad Bello ti Sókótó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ará Kénáánì, ẹ̀yà Nimrod. Lẹ́yìn náà ni Samuel Johnson dé. Sierra Leone ni wọ́n ti bí Johnson, ní 1846, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ ka ara wọn sí ìran Aláàfin Abíọ́dún, Ọ̀yọ́ ló sì ti ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́nà ibi ìtẹ̀wé, òun náà kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ jọ tó tún un kọ. 1921 ló tó jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo bú u. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti kà pé Mẹ́kà ni wọ́n ní Odùduwà, ọmọ Lámúrúdu, ti wá, pé ó bá àwọn Mùsùlùmí jà lórí òrìṣà, ó sì sá. Johnson fúnra rẹ̀ ò gba Mẹ́kà gbọ́ tán. Ìhà Íjíbítì lọ́hùn-ún lọkàn rẹ̀ lọ.

Ibi tó ti ta èèyàn lára kọ́ nìyẹn. Ẹ wo ohun tó sọ nípa àwọn aládùúgbò Ọ̀yọ́. Nípa Ọọ̀ni, ó ní ọmọ obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ ni baba ńlá rẹ̀, ìránṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ojúbọ nígbà tí àwọn ọmọ ọba lọ. Nípa Ìjẹ̀ṣà, ó kọ ìtàn kan sílẹ̀ pé "ìjẹ òrìṣà" ni orúkọ náà, ìyẹn oúnjẹ òrìṣà, àwọn tí wọ́n ń kó jọ fún ẹbọ.

Èmi tí ìyá mi jẹ́ ọmọ Iléṣà, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ rántí àsìkò tó ń kọ ọ́. Láti 1877 títí dé 1893 ni Èkìtì Parapọ̀, pẹ̀lú Ògèdèǹgbé ti Iléṣà níwájú, fi wà nínú ogun Kírìjì pẹ̀lú Ìbàdàn. Johnson mọ ogun náà dáadáa, ó wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ ní 1886. Bí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ sínú ìwé nírú àsìkò yẹn pé oúnjẹ òrìṣà ni ẹ̀yin, ẹ̀yin ọmọ Aláàfin ni àwa, ó ti sọ ẹni tó yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ìtàn tí ìyá mi mọ̀ yàtọ̀. Ojú Odùduwà fọ́. Ifá ní omi òkun ni yóò là á. Odùduwà pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí iṣẹ́ dí, iṣẹ́ dí i. Ẹni tí ọ̀nà jìn lójú rẹ̀, ó jìn. Àbíkẹ́yìn ló ní òun á lọ, Ajíbógun. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù yín kí ẹ wo Ifẹ̀ sí etí òkun. Kò sí títì, kò sí mọ́tò, igbó àti odò ló wà láàárín. Ó pẹ́ títí tí gbogbo wọn fi gbà pé ó ti kú. Ó bu omi náà, ó gbé e dé, wọ́n fi bọ ojú bàbá, ojú là. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọbòkun nìyẹn, ẹni tó lọ bu òkun.

Nígbà tó máa fi wẹ̀yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n ti pín ogún tán. Adé ti lọ, ilẹ̀ ti lọ. Idà nìkan ni bàbá rí fún un, ó ní kó lọ fi gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kó o. Wọ́n ní inú bí i débi tó fi fi idà náà gé lára ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ojú adé bàbá rẹ̀. Ìdílé Ọwá Obòkun ti Ìjẹ̀ṣà ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Ẹ ò ri pé ìtàn yìí dáhùn gbogbo nǹkan? Kí ló dé tí Ìjẹ̀ṣà fi jẹ́ jagunjagun? Idà ni ogún wọn. Ṣé ọba wọn kéré sí ti Ọ̀yọ́ ni? Rárá o, bàbá kan náà ló bí wọn, òun gan-an ló tún ṣe iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n kọ̀.

Èmi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè ṣe é fún Mẹ́kà. Ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ ń fi hàn ni pé ìbátan wa wà nítòsí: Ìgalà àti Ìtsẹkírì ló sún mọ́ wa jù, kì í ṣe Lárúbáwá.

Ẹ má sì rò pé Mẹ́kà àti Íjíbítì ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn ère orí tí ẹwà wọn yà á lẹ́nu. Ó ní èèyàn dúdú ò lè ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis, àwọn tó tan mọ́ Gíríìkì, ló ṣe é tí wọ́n fi sílẹ̀. Àbá olólùfẹ́ náà nìyẹn o, ṣùgbọ́n èyí fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ hú orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá jáde, nínú ilẹ̀ Ifẹ̀, kò jìnnà sí ààfin.

Òṣogbo tí mo jókòó sí yìí náà ńkọ́? Wọ́n ní Laroóyè, ọmọ ọba láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àti Tìmẹ́yìn tó jẹ́ ọdẹ ni wọ́n wá omi débí. Igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, òrìṣà náà sì fi igbe bọnu pé àwọn oṣó inú igbó ti ba nǹkan òun jẹ́. Ọjà àkọ́kọ́ wọn wà nínú Igbó Ọ̀ṣun yẹn, èyí tí UNESCO forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Lẹ́yìn náà ni ogun lé àwọn ará Ọ̀yọ́ wá síbí, nígbà tó sì di nǹkan bí 1840, ibí yìí ni Ìbàdàn ti dá ogun Ìlọrin padà. Ìyẹn ni pé Ìjẹ̀ṣà tẹ̀ ẹ́ dó, ahọ́n rẹ̀ wá sún mọ́ Ọ̀yọ́. Ẹ wá bá mi dá a lóhùn: ọmọ ta ni Òṣogbo?

Wọ́n máa ń bi mí ní Ọjà Ọba. Ìyá tí mo ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Iléṣà ni ilé ìyá mi. Ó ní, "Háà, ọmọ òṣómàáló! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olóńgbèsè. Òní ni wàá san gbogbo owó mi o." Ó ṣáà fi ènì sí i.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí fóònù mi tó jáde. Àwọn ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀, Àkàndé ṣì ń fi ẹ̀ṣẹ́ la ògiri. Mo sọ fún wọn nípa Ògún tó wà nínú orúkọ rẹ̀, nípa Adéyẹmí àti adé. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ dìde, ó ń jó, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti to fáànù rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ọmọkùnrin tó fi ara wewu, tó padà dé bá a pé nǹkan ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó wá fi irin gbà á. Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Ọmọ Ọbòkun ni."

Mo bi í pé ibo ni ilé tirẹ̀.

"Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni."

Ariwo sọ. Wọn ò tíì parí ẹjọ́ náà nígbà tí mo gba fóònù mi tí mo bá tèmi lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.